Ìrìn Ìrọ̀lẹ́ Bàbá Mi Létí Ọ̀sà

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú bàbá mi, kò sí ẹni tó béèrè ta ni yóò tọ́jú rẹ̀. Ìyá mi ti kú tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹnì kan ṣoṣo tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ń gbé ní Kàdúná pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo wà nílé. Èmi ni mi ò tíì lọ́kọ. Èmi náà sì ni nọ́ọ̀sì. Àwọn mọ̀lẹ́bí wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wá wò mí, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ọ́tọ̀ ní Èkó là ń gbé, yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, àwo á máa gbọ̀n lórí tábìlì. Bàbá mi fẹ́ràn ìró yẹn. Gáàdì rélùwéè ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà gíga kan báyìí tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ohùn tó fi ń lé èrò wọnú ọkọ̀ ní Ìdó náà ló máa ń gbé bọ̀ wálé. Bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ tó ní, "Ó yá, ẹ wọlé!", àwa nìkan kọ́ là ń wọlé, gbogbo ọmọ àdúgbò ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, nígbà òjò, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Mo gbọ́ tí nǹkan ṣubú gbì ní yàrá rẹ̀. Mo bá a nílẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì, ó ń wò mí.

Mo ní, "Bàbá, kí ló dé?"

Ó la ẹnu. Ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú mọ́ ọn lára. Mo ti rí irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní wọ́ọ̀dù. Mo mọ orúkọ rẹ̀, mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i, síbẹ̀ mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ mo ń pariwo pe aládùúgbò bí ẹni tí kò rí aláìsàn rí.

Ó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ náà ń gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kò padà. Lọ́jọ́ tí a máa lọ sílé, dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó ní, "Ẹ máa mú bàbá rìn ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Kó má jìnnà. Ibi tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ wá, ibi tí atẹ́gùn wà, tí wọ́n á ti máa rí igi, kí wọ́n máa rí omi."

Mo ní, "Dókítà, Ọ́tọ̀ là ń gbé."

Ó rẹ́rìn-ín. Òun náà mọ Ọ́tọ̀. Gọ́tà tó ṣí sílẹ̀, ọmọlanke tí kì í yà fún ẹnikẹ́ni, àwọn tó ń to ọjà dé àárín títì. Ibo lèèyàn ti fẹ́ mú ọkùnrin tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ rìn níbẹ̀?

Obìnrin aránṣọ kan wà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, òun ló máa ń jókòó ti bàbá mi títí mo fi máa ti ibi iṣẹ́ dé. Òun ló rán mi létí ọgbà etí ọ̀sà. Mo ti gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ààtàn ni ibẹ̀. Ìdọ̀tí gbogbo àdúgbò ló ń parí síbẹ̀, a sì máa ń di imú tí a bá ń kọjá. Ilé pákó àwọn apẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ogun ni ìjọba kó ààtàn náà kúrò, wọ́n kó àwọn onílé pákó kúrò pẹ̀lú, wọ́n rọ yanrìn síbẹ̀, wọ́n fi òkúta mọ ògiri kúkurú dínà omi, wọ́n gbin koríko, wọ́n gbin igi àgbọn àti igi fúrúùtù, wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe bẹ́ǹṣì. Nígbà tí wọ́n ṣí i, èrò ya lọ síbẹ̀ nínú aṣọ ìmúròde, wọ́n ya fọ́tò. Kò pẹ́ tí oníkálukú fi padà sí ìdí òwò rẹ̀, ọgbà sì kù fún àwọn tí kò ríbi lọ.

Bí mo bá ti ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dé, mi kì í jókòó. Mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó, mi ò ní dìde mọ́. Mo máa ń bọ́ aṣọ funfun, mo máa ń ró ìró, mo máa ń wọ bàtà fún bàbá mi, a ó sì mú ọ̀nà pọ̀n. Ibẹ̀ kò jìnnà, àmọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tirẹ̀ àti àárẹ̀ tèmi, bí ẹni ń lọ Ìbàdàn ni. Ọwọ́ òsì rẹ̀ á di ọ̀pá mú, èjìká ọ̀tún rẹ̀ á sinmi lé mi lórí. Ọkùnrin ńlá ni. Àìsàn kò tíì mú ìwúwo rẹ̀ lọ.

Láti ẹnu géètì dé ìdí igi fúrúùtù àkọ́kọ́, ìyẹn nìkan ni ìrìn wa níbẹ̀rẹ̀. A ó jókòó, a ó mí, a ó padà. Nígbà tó yá, a ń dé ibi ògiri òkúta. Oòrùn máa ń wọ̀ lẹ́yìn wa, lápá ibi tí ojú irin wà, òjìji àwọn igi á sì nà síwájú wa títí á fi bọ́ sínú omi. Omi ọ̀sà náà kì í ṣe omi tó mọ́. Lẹ́yìn òjò ó máa ń pọ́n, lọ́gbẹlẹ̀ ó máa ń dúdú, òjú-oró á máa léfòó kọjá lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Igi gẹdú tí wọ́n so pọ̀ wà lórí omi lápá òkè, wọ́n ń dúró de ayùn, atẹ́gùn sì máa ń gbé òórùn igi tútù tí wọ́n là wá bá wa, pẹ̀lú òórùn ẹrẹ̀ àti ti ẹja. Bí omi bá fà sẹ́yìn, akàn kéékèèké á jáde látinú ihò, wọ́n á máa gbé ọwọ́ ńlá kan ṣoṣo sókè bí ẹni tó ń dá bọ́ọ̀sì dúró. Àwọn ẹja kan wà tí mi ò mọ orúkọ wọn, ojú wọn wà lókè orí, wọ́n ń fò kiri lórí ẹrẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, lékeléke á máa fò bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á lọ sùn lórí igi etí omi lódìkejì, gbogbo igi náà á sì funfun.

Wọ́n ti kọ́ mi ní ilé ìwòsàn pé kí n máa dárúkọ nǹkan fún un. Mo gbìyànjú.

"Bàbá, akàn nìyẹn. Ẹ sọ pé akàn."

Ó wò mí. Bàbá tó gbé mi sí èjìká lọ wo akàn nígbà tí mi ò tíì lè rìn dáadáa, èmi ni mo ń kọ́ ọ ní akàn. Ó yí ojú sí omi. Mi ò ṣe é mọ́. A wá ń jókòó ní ìdákẹ́jẹ́, àwa méjèèjì, mi ò sì lè parọ́, ó tù mí lára. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń pe "Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì!" sí mi létí. Ní aago tí àwọn ẹlòmíràn ṣì ń sùn ni mo ti ń dáná, mo ti ń fọ aṣọ tí bàbá mi tọ̀ sí. Bí mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, mo máa ń wo omi títí ojú mi á fi máa pa dé fúnra rẹ̀.

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Ó ti ń rìn dáadáa díẹ̀, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Mo ti gbà nínú ara mi pé bó ṣe máa rí nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ń lọ lójú ọ̀nà tóóró tó gba àárín koríko kọjá. Aláìsàn kan tí mo fẹ́ràn ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń fi àdá gé koríko. A ti máa ń rí i, òun ló ń gbálẹ̀ ọgbà náà. Bí a ṣe fẹ́ kọjá lára rẹ̀, bàbá mi dúró. Mo rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ nǹkan ni. Mo tẹ̀ ba kí n wò ó.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ohùn náà ti rẹlẹ̀, àmọ́ ó já gaara.

Ìyá náà kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ ṣé o, Bàbá. Ẹ kú ìrìn o." Ó ń gé koríko rẹ̀ lọ.

Mo dúró bí ẹni tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. "Bàbá, kí lẹ sọ?"

Ó la ẹnu. Kò sí nǹkan kan. Òun náà ti ta gìrì, ó gbé ọ̀pá lé apá, ó fi ọwọ́ òsì kan ètè ara rẹ̀.

Mo yíjú sí ìyá náà. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ?"

"Wọ́n kí mi ni. Ṣé kò yẹ kí wọ́n kí mi ni?"

"Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà òjò."

Ìgbà yẹn ló tó nà ró, ó di ìbàdí mú, ó wo bàbá mi láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

"Ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà o."

"Kí ni wọ́n ń pè yín, Bàbá?"

Ẹnu rẹ̀ ṣí. Mo rí i tó ń wá orúkọ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Ìyá náà ní, "Ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ jẹ́ ká ṣì máa kíra wa." Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó gbá koríko mú.

Ó yẹ kí n máa fò sókè. Ṣùgbọ́n mo wá bẹ́ǹṣì jókòó. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé èmi tí mò ń bọ́ ọ, tí mò ń wẹ̀ ẹ́, tí mò ń gbé e, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan gbà lẹ́nu rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ rí ló kọ́kọ́ fún. Inú bí mi díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wo bàbá mi bó ṣe dúró síbẹ̀ tó ń wo ẹ̀yìn ìyá náà, ojú rẹ̀ kún fún ìyanu, ẹ̀rín sì pa mí lójijì. Èèyàn tí wọ́n tọ́ nílé ire: kò lè kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i. Àìsàn kò lè gba ìyẹn.

Mo sọ fún dókítà. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní ọ̀rọ̀ ìkíni ti mọ́ wa lẹ́nu láti kékeré débi pé ibòmíì ló ń gbé nínú ọpọlọ, èèyàn kì í ronú kó tó sọ ọ́. Ó ní kí a máa lo èyí tó bá wà.

A wá ń lò ó. Mi ò bi í ní orúkọ nǹkan mọ́. Mo ń mú un lọ síbi tí èèyàn wà ni. Àwọn kan ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹja kọjá, ó kí wọn. Ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wọn, ó dúró níwájú wọn gbọnrangandan, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Ọmọbìnrin náà fi gèlè bojú. Aboyún kan kọjá, ó ní, "Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o." Obìnrin náà ní, "Àmín, Bàbá," ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú oyún rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi, àwọn obìnrin máa ń dirí lábẹ́ igi fúrúùtù. Bàbá mi á ti òkèèrè gbé ọ̀pá sókè.

"Ojú gbooro o!"

Gbogbo wọn á dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "Òòyà á yà o!"

Nígbà yẹn ni mo máa ń gbọ́ díẹ̀ nínú ohùn gáàdì rélùwéè.

Ìyá tó ń gbálẹ̀ di ojúlùmọ̀ wa. Bó bá gbálẹ̀ tán, á wá jókòó sórí ògiri òkúta. Ó sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé ọ̀kan nínú àwọn ilé pákó tí wọ́n wó jẹ́ tirẹ̀. Ẹja ló ń yan níbẹ̀. Wọ́n wó ilé rẹ̀, wọ́n gbin koríko sórí rẹ̀, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ kó máa gé koríko náà. Ó nawọ́ sí ibì kan tí igi àgbọn kékeré wà.

"Ibẹ̀ yẹn ni ààrò mi wà."

Bàbá mi ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹ kú ìrójú o." Ìyá náà mi orí, ó sì wo omi.

Nígbà tí ọdún Àjíǹde kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti Kàdúná dé. Ó mú ẹran gbígbẹ àti àlùbọ́sà wá, ó sì mú ìpinnu wá. Bí bàbá ṣe sùn, ó pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó ní, "Mo fẹ́ mú wọn lọ sílé. Àbúrò wọn obìnrin ní Iléṣà ti ṣe tán láti gbà wọ́n. Ìwọ náà wo ara rẹ nínú dígí. O ti gbẹ. Ta ló máa fẹ́ ẹ báyìí?"

Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ bi wọ́n léèrè fúnra yín."

"Wọn ò lè sọ̀rọ̀."

"Ẹ bi wọ́n náà."

Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ti ń rí yàrá tó dákẹ́, bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni kò ní pè mí kúrò lórí rẹ̀. Mo fẹ́ kó gbé e lọ. Mi ò sì fẹ́. Àwọn méjèèjì jọ wà nínú mi, ìkan kò lé èkejì jáde.

Lọ́jọ́ kejì àwa mẹ́ta jọ lọ sí ọgbà. Bùrọ̀dá mi jókòó ti bàbá wa lórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sómi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: atẹ́gùn Iléṣà, ilé tó gbòòrò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣì wà láyé. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó fẹ́ràn bàbá wa, mi ò sì gbọ́dọ̀ sọ pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá mi gbọ́ ọ títí dé òpin. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tó ń gbìyànjú èyí, tó ń fi í sílẹ̀, tó ń mú òmíràn. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó dàbọ̀ o," ló wí.

Bùrọ̀dá mi ní, "Bàbá, mi ò tíì ń lọ."

"Ó dàbọ̀. Bá mi kí wọn nílé."

Bùrọ̀dá mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn, ó sì yí padà láàárín. Ó fi áńkáṣífù nu ojú. "Mo ti gbọ́ yín, sà," ló ní. Kò tún dá ọ̀rọ̀ Iléṣà sílẹ̀ mọ́ títí ó fi wọkọ̀ padà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Bùrọ̀dá mi lọ, èmi àti bàbá mi nìkan ló tún kù lọ́gbà. Mo bọ́ bàtà, mo na ẹsẹ̀ sórí koríko. Wọ́n ti wú, ojú ibi tí okùn bàtà gbà hàn lára wọn. Mi ò mọ̀ pé ó ń wò wọ́n.

Ó ní, "Pẹ̀lẹ́."

Ó fọwọ́ kan orí mi, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kan orí ọmọ kékeré, ó sì tún un sọ. "Pẹ̀lẹ́ o." Nínú gbogbo ìgbé ayé wa nílé yẹn, mi ò rántí ìgbà tó sọ irú rẹ̀ fún mi. A jókòó títí lékeléke fi lọ tán.

Ìgbà òjò tó tẹ̀ lé e le. Omi ru sókè, ó gbé díẹ̀ lára ògiri òkúta lọ, kò sì sẹ́ni tó wá tún un ṣe. Kò pẹ́ tí àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibi tó ya náà da ìdọ̀tí. Ìyá tó ń gbálẹ̀ á gbá a, wọ́n á tún dà á. A kì í lè lọ lójoojúmọ́ mọ́, ilẹ̀ ń yọ̀. Bàbá mi máa ń jókòó lójú fèrèsé, ó ń kí àwọn tó ń kọjá ní títì, àwọn èèyàn Ọ́tọ̀ sì ń dá a lóhùn. Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀kọ lọ bá a, mo rí i pé ó ti lọ lójú oorun.

A sin ín sí Iléṣà. Nígbà tí mo padà dé, ìyá tó ń gbálẹ̀ wá sílé wa, ó béèrè ọ̀nà títí ó fi dé. Ó jókòó pẹ́, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Kó tó lọ, ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé iṣẹ́ òun máa parí lópin oṣù, ìjọba kò rí ti ọgbà rò mọ́. Ó ní òun á lọ bá àwọn èèyàn òun tó ti kọ́ ilé pákó mìíràn lọ́nà ọ̀hún, òun á tún dá ààrò. Mi ò rí i mọ́ látìgbà náà.

Mo kó kúrò ní Ọ́tọ̀. Mo gba yàrá kan ní Sùúrùlérè, tí mo lè máa wọ bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo débi iṣẹ́. Mátíróònù, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, ní kí n lọ gba ìsinmi kí n tó ṣubú mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá náà, mo sùn, mo jí, mo mu omi, mo tún sùn. Nígbà tí mo jí dáadáa, ọ̀sán ti pọ́n, òjò ti dá. Ebi ń pa mí. Mo bẹ iṣu, mo sè é, ìgbà tí mo gbé e kalẹ̀ ni mo tó rí i pé ó pọ̀ jù fún ẹnì kan. Mo jẹ èyí tí mo lè jẹ. Mo bu ìyókù sínú àwo, mo gbé e lọ fún ará ilé kejì tí mi ò tíì mọ̀.